Bíà Àfọwọ́pọn: Àfojúsùn Wo Ló Yẹ Yín Lọ́dún Tó Ń Bọ̀?

Lójú ewé kìíní ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ọtí pípọn, mo kọ gbólóhùn kan sí i ní oṣù Kìíní: "Lọ́dún yìí, màá pọn bíà tó dáa." Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún parí báyìí, mo ṣí ìwé náà, mi ò sì lè sọ bóyá mo ṣe é tàbí mi ò ṣe é. Ìgbà méje ni mo pọn. Méjì dùn débi pé àwọn àna mi béèrè ibi tí mo ti rà á. Ọ̀kan kan gógó. Ìgò mẹ́ta láti inú òmíràn bú gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ìyàwó mi rò pé olè ló wọlé. Ẹ wá ní kí n tún ọ̀kan pọn nínú èyí tó dùn, kó rí bó ṣe rí nígbà yẹn, mi ò lè ṣe é, torí ojú ewé tó yẹ kí n kọ ọ́ sí ṣófo.

Àdúrà ni mo kọ síbẹ̀, mo pè é ní àfojúsùn. Ìyẹn ló mú èmi àti àbúrò mi, tó ń pọn tirẹ̀ ní Ìbàdàn, jókòó sórí fóònù lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, tí a ń gbé oríṣiríṣi àfojúsùn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fúláàtì ni mò ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Òun ní àgbàlá ní Bódìjà. Ohun tó bá mi mu kọ́ ló bá a mu, ẹ máa rí i bí a bá ṣe ń lọ.

Ẹ ka ọjọ́, kí ẹ sì ka ìgò

Bíà tó wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí yíìsì tó jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán, kó sì tòrò. Ó tún máa lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìgò kó tó ní ìfófò. Oṣù kan gbáko ló wà láàárín ọjọ́ tí ẹ dáná àti ọjọ́ tí ẹ máa mọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹni tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń tọ́ ọmọ, tí òde àríyá sì ń pè é ní gbogbo Sátidé, ìgbà mẹ́jọ lọ́dún ti pọ̀ fún un.

Ẹ tún wo ti ìgò. Lítà 23 ni òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ ní Ìlú Ọba, 19 ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Lítà 23 máa ń kún nǹkan bí 40 ìgò onídajì lítà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kúrò. Ìgbà mẹ́jọ, ó di 320 ìgò. Ta ni yóò mu ún? Nílé tiwa, èmi nìkan ni. Ìyàwó mi máa ń tọ́ ọ wò kó lè bú mi, ìyá mi sì wà nínú ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí. Lítà márùn-ún ni mo wá gbà báyìí: ìkòkò lítà mẹ́wàá tí a fi ń se ìrẹsì àlejò gbà á, mọ́ọ̀tì (ọkà tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì sá gbẹ) kílò kan lé díẹ̀ ló ń lò, bó bá sì bàjẹ́, kò dun èèyàn wọ egungun.

Ní ti òfin, Ìlú Ọba ti mú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kúrò láti 1963 fún ẹni tó ń pọn bíà fún ẹnu ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá 1978 fún àgbàlagbà kan láàyè gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún, àti 200 fún ilé tó bá ní ju àgbàlagbà kan lọ. Títà ni ọ̀rọ̀ mìíràn níbi gbogbo. Ní Nàìjíríà, ẹ máa rí NAFDAC lẹ́nu ọ̀nà. Àfojúsùn ilé ni mo ń sọ níbí.

Èyí ni àtẹ tí a yà, kí n tó tú u palẹ̀:

| Àfojúsùn | Owó | Wàhálà | Ohun tí ẹ máa ní lópin ọdún |
|---|---|---|---|
| Oríṣi méjìlá | Ó ń jẹ owó díẹ̀díẹ̀ | Ó pọ̀ | Ẹ máa mọ ohun tí ẹnu yín fẹ́ |
| Bíà kan ṣoṣo, léraléra | Kékeré | Kékeré, ó lè sú èèyàn | Bíà kan tó jẹ́ tiyín |
| Ìkòkò àti ẹ̀rọ tuntun | Ó pọ̀ jù | Kékeré | Ilé ìdáná tó dùn ún wò |
| Kíkápá ooru | Kékeré sí àárín | Àárín | Gbogbo bíà yín á sunwọ̀n |
| Láti kíìtì sí odidi ọkà | Àárín | Ọjọ́ kan gbáko fún ìgbà kọ̀ọ̀kan | Agbára láti yí ohunkóhun padà |
| Ọkà bàbà tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ | Kékeré | Ó pọ̀ gan-an | Ohun tí aládùúgbò yín kò ní |
| Ìdíje | Owó ìgò àti ìfiránṣẹ́ | Kékeré | Òótọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu àjèjì |

Oríṣi méjìlá, tàbí ẹyọ kan?

Ibí yìí ni èmi àti àbúrò mi ti fẹ́ẹ̀ jà. Òun fẹ́ oríṣi méjìlá, ọ̀kan lóṣù. Mi ò lè sọ pé kò ní àǹfààní. Ẹni tí Star àti Odeku (Guinness) nìkan ló mọ̀, ẹ fún un ní bíà àlìkámà àwọn ará Jámánì, á ní ẹ ti da ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti kànáfùrù sí i. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí kànáfùrù. Yíìsì ló ń mú òórùn méjèèjì jáde fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní porter, bíà dúdú tó ti Lọ́ńdọ̀nù jáde láyé àtijọ́, á máa wá kọfí nínú rẹ̀. Bí oríṣi yìí bá ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu yín ń là. Ẹni tó kàn ń bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ràn, mo gbà fún un kó pọn oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Méjìlá ni mi ò gbà. Bíà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ mọ́ọ̀tì tirẹ̀, họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú bíà korò, tó sì ń fún un ní òórùn) tirẹ̀, yíìsì tirẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, fíríìjì yín á ti kún fún ààbọ̀ páálí họ́ọ̀pù tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bí bíà oṣù Kẹta bá bàjẹ́, ohun márùn-ún ló yàtọ̀ sí ti oṣù Kejì; èwo ni ẹ máa dá lẹ́bi? Ẹni tó lé eku méjì pòfo, kí la fẹ́ pe ẹni tó lé méjìlá?

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ mú bíà kan tó rọrùn, irú èyí tí mọ́ọ̀tì kan àti họ́ọ̀pù kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Èmi yan mọ́ọ̀tì Maris Otter àti họ́ọ̀pù East Kent Goldings, torí ọmọ Ìlú Ọba ni àwọn méjèèjì, wọn kò sì ṣòroó rí níbi tí mo wà. Ẹ pọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún un pọn láìyí ohunkóhun padà. Ìgbà kejì yìí ló ṣòro jù, torí ọwọ́ á máa yún yín. Bí méjèèjì bá jọra, ọwọ́ yín ti dúró. Ìgbà náà ni kí ẹ wá yí ẹyọ ohun kan padà. Ẹ gbé ooru yíìsì láti 18°C lọ sí 22°C. Nígbà tó tún yá, ẹ mú lára họ́ọ̀pù tí ẹ máa ń dà sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ síse, kí ẹ dà á sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ rí bí ìkorò ṣe ń lọ sílẹ̀ tí òórùn sì ń gòkè.

Èyí ṣeé fi nọ́ńbà wọ̀n. Hydrometer, igi gíláàsì tó ń léfòó nínú ọtí, tó ń sọ bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kò wọ́n. Bó bá ka 1.045 kí yíìsì tó wọ̀ ọ́, tó sì ka 1.010 nígbà tó parí, ẹ yọ èkejì kúrò lára èkíní, ẹ fi 131.25 sọ ọ́ di púpọ̀: ọtí inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4.6%. Àfojúsùn mi wá di èyí: nínú ìgbà márùn-ún tí mo bá pọn ọ́n, kí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sáàárín 1.043 sí 1.047 ní ìgbà mẹ́rin. Ẹ ò lè fi ẹnu dídùn jiyàn èyí. Ó bọ́ síbẹ̀ tàbí kò bọ́ síbẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ bóyá ìyípadà yín já mọ́ nǹkan kan. Ẹ bu ife mẹ́ta fún àlejò, kí méjì jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ̀kẹta jẹ́ tuntun, kí ẹ má sọ èwo ni èwo. Ẹ ní kó fa èyí tó yàtọ̀ jáde. Ẹni tó kàn ń méfò á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí náà bí èèyàn mẹ́fà bá tọ́ ọ wò tí méjì péré sì mú un, ẹ má tíì yọ̀. Mo ṣe é fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú kan. Bíà tí mo fi owó họ́ọ̀pù ìlọ́po méjì pọn, ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́fà ló dá a mọ̀. Owó yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìkòkò tuntun, tàbí kíkápá ooru?

Kò sí apọntí tí ojú rẹ̀ kì í wọ ìkòkò onírin tó ń dán, tó ní páìpù àti tẹmómítà lára. Mo ti wò ó títí. Ṣùgbọ́n omi mọ́ọ̀tì tí ẹ sè nínú ìkòkò ìrẹsì kò mọ̀ pé ìkòkò ìrẹsì ni. Ohun tí yíìsì mọ̀ ni ooru. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ń mú ooru jáde, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lè fi ìwọ̀n mẹ́ta sí márùn-ún gbóná ju inú yàrá lọ. Yíìsì ale (irú bíà tí a kì í pọn nínú òtútù bíi lager) tó fẹ́ 20°C, tí ẹ gbé sí yàrá 27°C, inú 30°C lẹ fi sí. Ó máa pọn ọtí, ọtí náà á sì máa rùn bí oje tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, á tún fọ́ yín lórí lọ́jọ́ kejì.

Òtútù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ohun tó bú ìgò mi nìyẹn. Oṣù Kejì ni, ilé tutù, bọ́kẹ́ẹ̀tì dákẹ́, mo rò pé yíìsì ti parí, mo ro ọtí sínú ìgò. Kò parí rárá. Sísùn ló sùn. Nígbà tí oṣù Karùn-ún mú ooru wá, ó jí nínú ìgò, ó ń bá iṣẹ́ lọ, gáàsì kò sì rí ibi gbà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dákẹ́ mọ́. Ẹ fi hydrometer wọ̀n ọ́n, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí nọ́ńbà kò bá yẹsẹ̀, ó parí. Ṣúgà tí ẹ máa fi sí i fún ìfófò, ẹ fi òṣùwọ̀n gidi wọ̀n ọ́n, gíráàmù mẹ́fà sí méje fún lítà kan, ẹ má fi ṣíbí bù ú lójú lásán.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́líìtì ooru tí wọ́n ń so mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà òtútù ti tó fún mi. Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ dojú kọ ibòmíràn. Àbúrò mi máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú abọ́ ńlá tó kún fún omi, á fi aṣọ tútù wé e, á sì máa pààrọ̀ ìgò yìnyín àárọ̀ àti alẹ́. Bí iná bá wà, fáànù á máa fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ọjọ́ méjì, yìnyín di omi, gbogbo ètò bàjẹ́.

Ó wá rí ọ̀nà àbáyọ tó mú inú mi dùn fún un. Àwọn àgbẹ̀ ní Norway ní irú yíìsì kan tí wọ́n ń pè ní kveik, tí wọ́n ti ń sá gbẹ sára igi àti aṣọ láti ìran dé ìran. Ooru tó ń ba yíìsì yòókù jẹ́ ni eléyìí fẹ́ràn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Voss máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní 35°C, ó lè dé 40°C, ó sì lè parí iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin pẹ̀lú òórùn ọsàn díẹ̀. Páálí kékeré gbígbẹ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù bá a gbé dání. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ohun tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú òtútù Norway ló wá bá ooru Bódìjà mu.

Ẹni tó bá sì sọ pé òun fẹ́ pọn lager tó mọ́ lóló bíi Star, kó mọ̀ pé yíìsì lager ń fẹ́ nǹkan bí 8 sí 13°C fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tún sùn nítòsí 0°C fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní Ìlú Ọba láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, gáréèjì lè fún yín ní apá kan rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ìbàdàn, ẹ nílò fíríìjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ àti iná tí kì í lọ. Owó epo jẹnẹrétọ̀ á ju owó páálí Star lọ. Mo ní kí àbúrò mi gbàgbé rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Nínú àtẹ òkè yẹn, bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, orí ooru ni kí ẹ ná an lé.

Kíìtì tàbí odidi ọkà?

Kíìtì ni agolo omi mọ́ọ̀tì tó ti ki bí oyin, tí họ́ọ̀pù ti wà nínú rẹ̀. Ẹ tú u sínú omi gbígbóná, ẹ fi omi tútù kún un, ẹ da yíìsì lé e. Wákàtí méjì, ó parí, fífọ nǹkan ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Odidi ọkà ni pé ẹ̀yin fúnra yín rẹ mọ́ọ̀tì tí wọ́n ti fọ́ sínú omi nǹkan bí 66°C fún wákàtí kan, ẹ yọ èèpo rẹ̀, ẹ sì tún se omi rẹ̀ fún wákàtí kan pẹ̀lú họ́ọ̀pù. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Àwọn ará Australia ló mú un rọrùn fún aláìní: wọ́n ń kó ọkà sínú àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú ìkòkò kan náà, bí a ṣe ń fi aṣọ sẹ́ ògì, wọ́n á gbé àpò sókè, ó parí.

Ẹni tí kò tíì pọn tó ìgbà mẹ́ta, mo rọ̀ ọ́ kó dúró sórí kíìtì fún oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kó kọ́ ìmọ́tótó, kó kọ́ hydrometer. Ìwé inú kíìtì máa ń ní kí ẹ da kílò ṣúgà kan sí i. Ẹ fi ìyẹ̀fun mọ́ọ̀tì dípò ṣúgà yẹn, ẹ máa rò pé ẹlòmíràn ló pọn ọ́n. Omi ẹ̀rọ náà nílò àkíyèsí. Kẹ́míkà klorín inú omi ìlú máa ń mú kí bíà rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ egbò. Ìdajì hóró Campden (hóró kẹ́míkà tí àwọn apọntí ń lò) nínú lítà 23 ti tó láti lé e lọ. Ẹni tó ń pa kòkòrò inú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bílíìṣì tí kò sì ṣàn án dáadáa á gbọ́ òórùn kan náà, á máa bú mọ́ọ̀tì.

Ẹni tó ti kọjá ìgbà mẹ́ta, tí Sátidé rẹ̀ bá ṣófo lẹ́ẹ̀kan lóṣù, odidi ọkà ni kó bọ́ sí. Ibẹ̀ ni agbára wà: omi 63°C máa fún un ní bíà tó gbẹ lẹ́nu, 69°C máa fún un ní èyí tó nípọn, láti inú ọkà kan náà.

Ọkà tiwa

Ní 1988, òfin Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn mọ́ mọ́ọ̀tì báálì òkèèrè. Àwọn ilé ìpọntí tó ti gbọ́kàn lé báálì láti ìgbà tí Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949 wá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Odeku tó ń lọ ní 7.5% náà ní ìtàn tirẹ̀: bíà aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọkà ilẹ̀ wa pọn ni, wọ́n wá da èròjà dúdú tó ń ti Dublin wá lé e lórí. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé báálì nìkan ló ń jẹ́ bíà, ẹ bi í ohun tó ń mu.

Àfojúsùn méjì ló wà níbí, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni èkíní: àgbàdo tí a rẹ, tí a mú hù, tí a sá, tí a lọ̀, tí a sè, tí a fi sílẹ̀ kó kan díẹ̀ kí a tó sẹ́ ẹ. Ó dùn, ó kan, ó rú, ọjọ́ díẹ̀ sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má dì í sínú ìgò tó dé pinpin, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Bíà ọkà bàbà ni èkejì: ó mọ́, ó korò, ó lè lo oṣù mélòó kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rọrùn jù, kò sì ná yín ní nǹkan bí kò ṣe sùúrù. Ẹni tó ní ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó lọ jókòó tì í lọ́dún yìí kó tó ka ohunkóhun. Bíà ọkà bàbà fẹ́ iṣẹ́ orí.

Ìdí ni pé sítáàṣì ọkà bàbà kì í rọ̀ níbi tí ti báálì ti ń rọ̀. Ó ń fẹ́ kí ooru sún mọ́ 70°C tàbí kó kọjá rẹ̀, ooru yẹn náà sì ń pa ohun tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ọgbọ́n tí a ń dá sí i, àwọn ìyá ológì á gbà á kíá: ẹ po mọ́ọ̀tì lílọ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ rọra yọ omi òkè sọ́tọ̀ bí omidùn. Ẹ se èyí tó silẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ kó tutù dé 65°C, ìgbà yẹn ni kí ẹ da omi òkè padà, torí inú rẹ̀ ni ohun tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà wà. Àbúrò mi kùnà lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ èyí. Ẹ̀kọ ló rí, kò rí bíà.

Ohun méjì ni mi ò ní fi ṣeré. Ọkà bàbà tó bá hù máa ń ní májèlé nínú ọ̀mùnú àti gbòǹgbò rẹ̀, irú èyí tó wà nínú gbágùúdá tútù. Ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ fọwọ́ ra á kí ọ̀mùnú àti gbòǹgbò jábọ́, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ sì se é. Ọkà tó bá sì bu níbi tí ẹ ti ń mú un hù, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sá a, ẹ dà á nù.

Ní ti ìkorò, àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti fi ewúro àti orógbó dán an wò dípò họ́ọ̀pù. Àbúrò mi lo ewúro gbígbẹ, ṣíbí kan fún lítà márùn-ún. Ìkorò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òórùn dídùn ti họ́ọ̀pù kò sí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kúkú fi ẹja sí i.

Wọ́n máa ń bi wá bóyá ohun tí a ń pọn nílé kò ní fọ́ èèyàn lójú. Ìbéèrè náà tọ́, torí ní 2015, ọtí ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers. Ọtí líle tí wọ́n sè kí wọ́n lè gba oru rẹ̀ ni ìyẹn. Bíà tí a fi ọkà pọn, tí a kò sè di ọtí líle, kò ní mẹ́tánọ́ọ̀lù tó lè ṣe irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Ọtí líle kò sí nínú àtẹ mi, ní Ìlú Ọba ó sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ.

Ìdíje tàbí ẹnu àlejò?

Àlejò tó ń mu ọ̀fẹ́ kì í sọ òótọ́. Bíà mi tó kan gógó yẹn, ẹni mẹ́rin ló ní ó "yàtọ̀". Adájọ́ ìdíje kò mọ̀ yín, ìgò lásán ló rí. Ọ̀pọ̀ ìdíje ń lo ìwé BJCP, ẹgbẹ́ àwọn adájọ́ bíà tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1985. Máàkì 50 ni: òórùn 12, ìrísí 3, adùn 20, bó ṣe rí lẹ́nu 5, àpapọ̀ 10. Ẹ wò bí ìrísí ti kéré tó, ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún nítorí bíà tí kò mọ́ gaara.

Ẹ má fi àmì ẹ̀yẹ ṣe àfojúsùn, torí ẹ ò mọ àwọn tí ẹ jọ ń dije. Ẹ fi máàkì ṣe é. 30 jẹ́ ipò "dáadáa gan-an" lórí ìwé wọn, ẹni tó ti pọn bíà kan náà nígbà mẹ́rin lè dé ibẹ̀. Ẹ fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Ìlú Ọba, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ kí ọdún tó parí. Àbúrò mi kò rí èyí ṣe nítòsí, nítorí náà ife mẹ́ta yẹn ló ń lò, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n bú òun bó bá yẹ.

Ohun tí a yàn

Mo kọ tèmi sílẹ̀ ní ìlà méjì. Bíà kan náà, lítà márùn-ún, ìgbà márùn-ún láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ tí mo ti sọ. Ìgò méjì lára ìkẹrin á lọ sí ìdíje, mò ń wá 30. Mo ní mo lè pọn ohun tó bá wù mí láti oṣù Kẹwàá. Ìyàwó mi ka ìwé náà, ó fi ìlà kẹta sí i: kò gbọdọ̀ sí ìgò kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àbúrò mi fi oríṣi méjìlá sílẹ̀. Ó ní ọkà bàbà àti kveik lòun máa lò, ìgbà mẹ́rin péré, kí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kọjá 1.040 láìfi ṣúgà kún un. Èyí tó rí ní oṣù Kẹwàá kò ju 1.028 lọ. Mo sọ fún un pé ó le. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi tẹmómítà tó dáa ránṣẹ́." Mo ti rà á, ó wà nínú àpò ẹni tó ń lọ sílé lọ́jọ́ kejìdínlógún, ó wà láàárín bàtà kó má bàa fọ́.